Ọ́fíìsì físà ọmọ ilé-ìwé ní Bódìjà yìí mọ ọ̀rọ̀ owó inú báńkì, pàápàá fún ẹni tí wọ́n ti dá padà lẹ́ẹ̀kan

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, èyí tó kù yẹn mo máa sọ ohun tó gbà á lọ́wọ́ wọn tó bá yá. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó inú báńkì ni, ìyẹn èyí tí àwọn òyìnbó sábà máa ń tìtorí ẹ̀ dá físà ọmọ ilé-ìwé padà, mi ò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó wọn n'Ìbàdàn, mo sì ti jókòó níwájú éjẹ́ǹtì mélòó kan kí ẹnì kan tó júwe ọ̀dọ̀ wọn fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ, torí ó máa wúlò fún ẹni tí lẹ́tà pé wọn ò fún un ní físà wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, tí kò mọ ibi tó máa gbà.

Àbúrò mi obìnrin ló fẹ́ lọ ṣe másítà ọlọ́dún kan ní UK, ìlú tí kì í ṣe London. Éjẹ́ǹtì tá a kọ́kọ́ lò (kì í ṣe àwọn wọ̀nyí o, mi ò sì ní dárúkọ ẹ̀) ló ní ká lo àkáǹtì ẹ̀gbọ́n bàbá wa, Bàbá Ìkẹjà, torí owó ibẹ̀ ló pọ̀ jù, pé ká ṣáà lọ kóòtù lọ ṣe àfidáfítì pé Bàbá ló máa gbọ́ bùkátà ọmọ, ó ti parí nìyẹn. Bàbá ò janpata, wọ́n gbé gbogbo ìwé báńkì wọn sílẹ̀ fún wa. Nílé Yorùbá, ta ló máa sọ pé ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ kì í ṣe bàbá ẹ? Àwọn ló sanwó ilé-ìwé èmi gan-an láti JSS 1 títí mo fi jáde yunifásítì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó dé láti Home Office (iléeṣẹ́ ìjọba UK tó ń rí sí físà), wọn ò bá wa jiyàn pé owó ò tó, ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tó ni àkáǹtì yẹn ò sí lára àwọn tí òfin wọn gbà. Àkáǹtì ọmọ fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń gbà, tàbí ti bàbá tàbí ìyá tó bí i, tàbí ti alágbàtọ́ tí kóòtù mọ̀, tàbí ti ọkọ tàbí ìyàwó, tàbí kó jẹ́ pé ìjọba tàbí yunifásítì tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà káàkiri ayé ló ń san án fún un. Ẹ̀gbọ́n bàbá ò sí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹni ò sí níbẹ̀, pásítọ̀ tàbí ááfà ò sí níbẹ̀, àfidáfítì ò sì lè sọ wọ́n di òbí. Ẹni tó ń ṣe éjẹ́ǹtì tí kò mọ èyí, tó sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó ń dun mí títí dòní.

Lọ́fíìsì Bódìjà yìí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n gba lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ wa, wọ́n kà á látòkè délẹ̀, wọn ò sọ pé ká kọ́kọ́ lọ sanwó. Àwọn èèyàn ti ń sọ fún wa níta pé ká béèrè fún administrative review, ìyẹn ni pé kí Home Office tún ìpinnu wọn yẹ̀ wò, £80 ni, èèyàn sì ní ọjọ́ 28 láti fi ṣe é. Àwọn ọ́fíìsì yìí ní ká má wulẹ̀ ṣe é. Ìdí ni pé ohun tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò níbẹ̀ ò ju bóyá òṣìṣẹ́ tó mú fáìlì náà ṣi òfin lò, èèyàn ò sì lè kó ìwé tuntun wá bo ohun tó kù díẹ̀ káàtó, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ yẹn ò ṣi nǹkan kan lò. Wọ́n lè gbowó yẹn lọ́wọ́ wa kí wọ́n bá wa kọ ọ́ o, ọ̀pọ̀ ló máa gbà á. Ibẹ̀ gan-an lọkàn màmá wa ti balẹ̀ sí wọn. Wọ́n tún jẹ́ ká mọ̀ pé owó ìlera, IHS, tó jẹ́ £776 lọ́dún fún ọmọ ilé-ìwé (ti másítà ọlọ́dún kan máa ń di £1,164 torí àwọn oṣù tí wọ́n máa ń fi kún un lẹ́yìn ẹ̀kọ́), ìyẹn máa padà sọ́dọ̀ wa, àmọ́ £524 tó jẹ́ owó físà nígbà yẹn ti lọ pátápátá. Ó sì padà wá lóòótọ́, sórí káàdì tá a fi san án.

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti dùn mọ́ mi jù ni sítétímẹ́ǹtì. Àǹtí kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ òun ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó, wọ́n ní kí màmá wa gba ti oṣù mẹ́fà wá ní báńkì, wọ́n wá jókòó tì í pẹ̀lú bírò pupa, wọ́n ń kà á láìníì lọ láìníì bọ̀. Màmá wa ń ta àǹkárá àti léèsì ní Gbági, owó ọjà ló ń gba inú àkáǹtì yẹn, á wọlé láàárọ̀, á jáde lọ́sàn-án tí wọ́n bá fẹ́ ra ọjà tuntun. Tẹ́ ẹ bá wo iye tó wà níbẹ̀ lápapọ̀, ó pọ̀. Àǹtí yẹn ní, "Mọ́mì, owó yín ò kéré o, Ọlọ́run á túbọ̀ máa bù sí i. Àmọ́ ẹ wò ó níbí, ọjọ́ Túsìdeè yìí tẹ́ ẹ sanwó fún oníbàárà yín ti Èkó, ó wálẹ̀. Ọjọ́ kan yẹn ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́." Òfin ọ̀hún ni pé owó náà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún ọjọ́ 28 léraléra, kó má wálẹ̀ ju iye tí wọ́n fẹ́ lọ́jọ́ kankan, ì báà jẹ́ fún wákàtí díẹ̀ ni kó o sì dá a padà lálẹ́, bó bá ti hàn nínú sítétímẹ́ǹtì pé ó wálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka 28 látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí sítétímẹ́ǹtì yẹn sì parí sí ò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sanwó físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó yẹn ni wọ́n kà sí ọjọ́ tẹ́ ẹ béèrè, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ tẹ̀ka o.

Wọ́n wá ní kí màmá wa ṣí àkáǹtì mìíì tí owó ọjà ò ní dé, kí wọ́n gbé owó físà síbẹ̀, kí wọ́n má gba káàdì ATM fún un, kí wọ́n má so ó mọ́ ohunkóhun tó lè máa já owó. Wọ́n ní kí wọ́n sì fi owó díẹ̀ lé e lórí ju iye tí wọ́n fẹ́ gan-an lọ, torí báńkì wa níbí máa ń yọ owó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti àlẹ́ẹ̀tì, ti ₦50 tí ìjọba ń gbà lórí owó tó bá wọlé títí di ìparí ọdún 2025, ti èyí ti tọ̀hún, ẹni tó bá gbé iye tó pé géérégé sílẹ̀, ₦50 péré lè sọ ọ́ di ẹni tí owó ẹ̀ ò pé. Mi ò rí éjẹ́ǹtì mìíì tó ronú dé ibẹ̀ yẹn.

Wọ́n tún yọ àwọn ìwé kan kúrò nínú fáìlì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé ilẹ̀ bàbá wa ní Akọ́bọ̀ tí éjẹ́ǹtì àkọ́kọ́ kó mọ́ ọn, wọ́n ní kò wúlò fún físà ọmọ ilé-ìwé UK, wọn kì í ka ilẹ̀, wọn kì í ka ṣíà, wọn kì í ka owó ìfẹ̀yìntì tí kò tíì sí lọ́wọ́ ẹ. Owó alájẹṣẹ́kù pàápàá, àfi tẹ́ ẹ bá kó o jáde kẹ́ ẹ gbé e wá sí báńkì tí CBN ń mójú tó, tí wọ́n lè kọ̀wé sí láti béèrè bóyá òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náírà náà, wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Réètì OANDA, ìkànnì kan tó ń gbé iye pàṣípààrọ̀ owó jáde, ni Home Office máa ń lò, ti ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó físà yẹn. Gbogbo wa la rántí oṣù kẹfà ọdún 2023 tí CBN fi náírà sílẹ̀ kó máa wá réètì fúnra ẹ̀, bó ṣe já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí owó ẹ̀ pé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 28, náírà yẹn lè má yingin nínú àkáǹtì o, kó tó parí kó má tó pọ́n-ùn tí wọ́n fẹ́ mọ́. Nítorí náà ọ̀nà méjì ni wọ́n gbé síwájú màmá wa: kí wọ́n fi pọ́n-ùn sínú àkáǹtì dọ́m, tí réètì ò ní lè rí i mú, tàbí kí wọ́n fi náírà síbẹ̀ kí wọ́n sì fi nǹkan gidi lé e lórí. Wọ́n sọ àǹfààní àti ewu méjèèjì, pé ẹni tó bá lọ ra pọ́n-ùn tó sì fẹ́ tún un tà lẹ́yìn físà máa pàdánù díẹ̀ lórí réètì rírà àti títà. Wọn ò mú un fún wa, wọ́n ní kí Mọ́mì lọ rò ó. Dọ́m ni màmá wa mú, torí owó ilé-ìwé tó kù náà, pọ́n-ùn ni wọ́n ṣì máa fi san án.

Wàyí o, owó yẹn lápapọ̀, ti màmá wa nìkan ò tó. Bàbá Ìkẹjà ní àwọn ṣì máa ṣe é. Àǹtí yẹn ní kí wọ́n bá àwọn pe Bàbá lórí fóònù, wọ́n kí wọn dáadáa, wọ́n wá béèrè ní tààràtà pé, "Ẹ má bínú sà, ṣé ẹ fún wọn lówó yìí ni àbí ẹ yá wọn?" Bàbá ní àwọn fún ọmọ ni, àwọn ò ní gbà á padà. Wọ́n ní ó dáa, kí Bàbá fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì wọn sí ti màmá wa, kí wọ́n kọ lẹ́tà kúkúrú pé ẹ̀bùn ni, kí ọmọ náà mọ̀ ọ́n dáadáa torí wọ́n lè pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kí wọ́n sì béèrè níbi tí owó ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn owó ti di ti màmá wa, ọjọ́ 28 bẹ̀rẹ̀. Owó Bàbá Ìkẹjà kan náà tí wọ́n dá padà níjọ́sí ni o, ohun tó yàtọ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tí òfin mọ̀ ló wà báyìí, àti pé ó jẹ́ ti ẹni náà lóòótọ́.

Mo ní láti sọ ti èyí tó tẹ̀ lé e yìí torí ó wọ́pọ̀ jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé nígbà tá a jókòó síbẹ̀, ó ń wá ẹni tó máa bá òun gbé owó sínú àkáǹtì fún oṣù kan, PoF (ẹ̀rí pé owó wà) tí wọ́n ń sọ, kí òun san èlé. Wọ́n ní àwọn ò ṣe é. Ó bẹ̀ wọ́n, ó ní gbogbo ayé ló ń ṣe é. Wọ́n mú un jókòó, wọ́n sọ fún un pé owó tí wọ́n yá ẹ kì í ṣe tìẹ, òfin ọ̀hún fẹ́ owó tó o lè ná nígbà tó o bá dé ọ̀hún, àti pé lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, owó ò tiẹ̀ ní wọ báńkì rárá, sítétímẹ́ǹtì kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa tẹ̀ fún ẹ, tí Home Office bá sì kọ̀wé sí báńkì tí wọ́n rí i pé irọ́ ni, wọ́n lè fi ọdún 10 dè ọ́ pé o ò gbọdọ̀ wọ UK. Ẹni tí wọ́n dá padà torí owó ò pé lè tún béèrè lọ́la, kò sí ìfòfindè kankan lórí ẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá padà torí irọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti yàtọ̀. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Èmi tí mo ní àbúrò tó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kàn mi.

CAS tuntun, ìyẹn ìwé tí ilé-ìwé fi ń jẹ́rìí pé àwọn gbà yín wọlé, òun náà ní wàhálà tiẹ̀. Èyí tí ẹ bá ti fi béèrè físà lẹ́ẹ̀kan, ó ti lò tán, ilé-ìwé gbọ́dọ̀ fún yín ní òmíràn, àwọn ilé-ìwé ò sì fẹ́ràn àtifún ẹni tí wọ́n ti dá padà torí ìjọba UK ń ka iye ọmọ wọn tí wọn ò fún ní físà. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi dè wọ́n nígbà yẹn, lóṣù karùn-ún ọdún 2025 ìjọba tún kéde pé àwọn fẹ́ fà á wálẹ̀ sí 5. Èyí ló fà á tí ilé-ìwé àbúrò mi fi ní àwọn fẹ́ rí sítétímẹ́ǹtì ná kí wọ́n tó fún un. Ọ́fíìsì yìí bá a kọ ímeèlì tó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó ti yàtọ̀, kò gùn, kò bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì fún un.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni iye owó tó yí padà láàárín ìgbà méjì tá a béèrè físà. Nígbà àkọ́kọ́, owó oúnjẹ àti ilé fún ẹni tí kò lọ London jẹ́ £1,136 lóṣù, oṣù 9, ìyẹn £10,224. Látọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2025 ó di £1,171, tí oṣù 9 ẹ̀ jẹ́ £10,539 (ti London di £1,529 lóṣù, £13,761 lápapọ̀). £315 ló fi lé. Ẹni tó bá lọ kó ìṣirò àkọ́kọ́ wá fún ìgbà kejì, wọ́n máa tún dá a padà ni. Ọ́fíìsì yìí rí i kí a tó gbé owó sílẹ̀ rárá, wọ́n fi iye tó kù nínú owó ilé-ìwé tó wà lára CAS kún un, wọ́n kọ àròpọ̀ ẹ̀ sórí ìwé kan fún màmá wa kí wọ́n gbé e dání lọ sí báńkì.

Orúkọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dí wa lọ́wọ́. Orúkọ tí màmá wa ń jẹ́ ní báńkì ni ti ilé ọkọ, èyí tó wà lára sàtífíkéètì ìbí ọmọ láti NPC, ti ilé bàbá wọn ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n ní ká fi sàtífíkéètì ìgbéyàwó sí i, kí màmá wa sì kọ lẹ́tà pé àwọn ni ìyá ọmọ, àwọn sì fọwọ́ sí i kó ná owó yẹn. Ó tán. Nínú fọ́ọ̀mù, ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá wọ́n ti kọ físà fún ẹ rí, wọ́n ní kó kọ bẹ́ẹ̀ ni, kó kọ ọjọ́ ẹ̀, kó sì kọ ìdí ẹ̀ bí lẹ́tà ṣe sọ ọ́.

Ó yá, ìràwọ̀ kan tó kù. Àǹtí yẹn nìkan ló mọ iṣẹ́ owó níbẹ̀, ọjọ́ tí wọn ò bá wá, gbogbo nǹkan dúró, àwọn tó kù á máa ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́la. Ọmọkùnrin tó jókòó síwájú, tó ń gba àlejò, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ó ń pe màmá wa ní "ìwọ" nígbà kan, àfìgbà tí mo dá a dúró. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni ọ́fíìsì wà, ẹni tí orúnkún ń dùn á jìyà. WhatsApp wọn, ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ láàárọ̀ kó jẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa fèsì, nígbà tí ọjọ́ 28 ti ń lọ tí ara èèyàn ò balẹ̀, kò dáa. Ó sì yẹ kí wọ́n sọ látìbẹ̀rẹ̀ pé owó ìwé títẹ̀ àti ìwé ṣíṣe sí kọ̀ǹpútà ò sí nínú ₦250,000 tí wọ́n gbà, ìgbẹ̀yìn la tó gbọ́. Lóòótọ́ wọ́n gbà ká pín owó náà sí méjì, ìdajì lẹ́yìn tí fáìlì bá wọlé.

Àbúrò mi rí físà gbà. Ó ti wà ní kíláàsì báyìí.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú lẹ́tà tí wọ́n fi dá yín padà lọ́wọ́, gbogbo ojú ìwé ẹ̀, ẹ má mú ti àkọ́kọ́ nìkan, àti sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà ti ẹnikẹ́ni tó jẹ́ òbí ọmọ. Ẹ béèrè fún àǹtí tó ń ṣe ti owó, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì gbà yín. Sátidé ló rọrùn fún àwọn tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ kẹ́ ẹ tètè dé, torí tó bá ti di aago 11, àga ti kún.